Wàláà ní Bàhíà: bí àwọn Ìmàle Nàgó ṣe di èdè Lárúbáwá mú

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ èdè àjèjì ní yunifásítì mọ ìṣòro tí a fẹ́ sọ yìí. A ó ka Faransé fún ọdún méjì, a ó gba máàkì tó dáa, ìsinmi gígùn á dé, nígbà tí a bá fi máa wọlé padà, ó ti kù díẹ̀ kí a má lè kí èèyàn mọ́. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń ka Lárúbáwá àti àwọn tó ń ka Jámánì ń rò. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sì máa ń fún wa kò ju méjì mẹ́ta lọ: ẹ fi áàpù sórí fóònù yín, ẹ máa wo fíìmù, ẹ wá ẹni tó ń sọ ọ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ṣùgbọ́n àwa tó ń ka ìtàn ti rí ibòmíràn tí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ronú láti wá a ni: ìwé ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú Salvador, ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ní ọdún 1835.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún náà, àwọn ẹrú àtàwọn tó ti gba òmìnira, bí 600, dìde ogun nílùú náà. Oṣù ààwẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ló sì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an, Ìmàle, ni àwọn ará Bàhíà pè di Malê, orúkọ yẹn sì ni wọ́n fi ń pe ogun náà títí di òní. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ṣẹ́gun wọn. Ó lé ní 70 tó kú nínú wọn. Òpìtàn João José Reis ti kọ ìwé ńlá lórí ogun yìí, a ò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ níbí. Ohun tó dá wa dúró ni ohun tí àwọn ọlọ́pàá kó jáde nígbà tí wọ́n ń tú ilé kiri lẹ́yìn ogun. Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n rí jù. Bébà ni, bébà tí wọ́n kọ Lárúbáwá sí, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, agbádá funfun, tírà, àti pátákó ìkọ̀wé.

Pátákó yẹn, àwọn tó bá lọ ilé kéwú nínú wa mọ̀ ọ́n dáadáa: wàláà ni. Ẹ óò fi gègé àti tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ òní sí i lára, ẹ óò máa kà á sókè títí á fi wọ orí, ẹ óò sì fọ̀ ọ́ kúrò láti kọ ti ọ̀la. Irú rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin àti Ìbàdàn náà ló wà ní Salvador. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tilẹ̀ ń mu omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, nítorí wọ́n gbà pé ààbò wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe nílé títí di òní olónìí.

Nínú àwọn bébà tó kù, ọ̀pọ̀ wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bàhíà. Rolf Reichert tẹ wọ́n jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ ní ọdún 1970. Ẹni tó bá rò pé ètò ogun ló kún inú wọn á rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ jẹ́ súrà, pàápàá àwọn kéékèèké tó wà ní ìparí Àlùkùránì, àti àdúrà. Àwọn kan jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá: ìlà kan náà tí wọ́n kọ ní àkọtúnkọ, Bísímílà léraléra, lẹ́tà tó wọ́, ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kan ti jábọ́ nínú rẹ̀. A rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáṣá, a sì rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé, níbi tí ìjọba ti rí ọ̀tẹ̀, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n kó.

Ó yẹ ká rántí irú ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́. Lẹ́yìn tí Àfọ̀njá kọ̀yìn sí Aláàfin, tí ogun sì gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kan, wọ́n kó ọmọ Yorùbá tó pọ̀ lọ tà ní etíkun, Bàhíà sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kó wọn lọ. Àwọn kan ti jẹ́ Mùsùlùmí kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n ti kọ́ kéwú díẹ̀. Àwọn mìíràn, Bàhíà ni wọ́n ti gba ẹ̀sìn náà, lọ́wọ́ Háúsá, lọ́wọ́ Tápà, tàbí lọ́wọ́ Yorùbá ẹgbẹ́ wọn. Èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu wọn tàbí lọ́wọ́ wọn lójúmọ́. Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Pọtogí ni wọ́n fi ń dá olówó wọn lóhùn. Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kírun tí wọ́n sì fi ń kọ̀wé.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì tó kẹ́yìn yẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn ní Pọtogí. Ọjà kọ́ wọn, ẹgba kọ́ wọn, ebi kọ́ wọn. Kò sì séwu pé wọ́n á gbàgbé rẹ̀, nítorí ọjọ́ kan kò lè kọjá láìlò ó. Lárúbáwá kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Kò sí oníbàárà kankan ní Salvador tó máa bá wọn dúnàádúrà ní Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olówó ẹrú tó máa fi rán wọn níṣẹ́. Bí wọn kò bá fúnra wọn wá iṣẹ́ fún èdè náà láàárín ọjọ́, á kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Faransé tiwa gan-an nìyẹn, àyàfi pé àwa kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.

Ibo wá ni wọ́n ti rí àkókò? Ní ìgboro Salvador, ọ̀pọ̀ ẹrú ló ń jáde lọ wá iṣẹ́ ṣe fúnra wọn: alábàárù, télọ̀, káfíńtà, àwọn tó ń gbé ọlọ́lá kiri nínú àga tí wọ́n fi èjìká rù. Olówó wọn á dá iye kan fún wọn láti máa san lọ́jọ́ tàbí lọ́sẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù di tiwọn. Àwọn alábàárù máa ń pín ara wọn sí igun òpópónà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí tirẹ̀, wọ́n á máa retí ẹni tó ní ẹrù. Irú igun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní canto. Ẹni tó bá ti jókòó nínú mọ́tò tí kò tíì kún rí ní gáréèjì mọ bí àkókò ṣe ń pọ̀ tó níbi ìdúró bẹ́ẹ̀. Àwọn Ìmàle kì í jẹ́ kó ṣòfò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kàwé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rán agbádá, níbẹ̀ ni ẹni tó mọ súrà kan ti ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹrù bá dé, wọ́n á dìde. Àwa rò pé ibí yìí ni ọgbọ́n wọn pọ̀ sí jù. Wọn kò dúró de ìgbà tí ọwọ́ wọn máa dilẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní dilẹ̀. Èyí tó já bọ́ láàárín iṣẹ́ méjì ni wọ́n ṣà jọ.

Ìrun márùn-ún ojúmọ́ náà wà níbẹ̀, tó ń fipá mú kí Fátíhà gba ẹnu wọn kọjá lọ́pọ̀ ìgbà lójoojúmọ́, yálà ọkàn wọn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ Lárúbáwá lè ṣe tírà, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ló ń rà á. Àwọn tí kò gba ẹ̀sìn náà pẹ̀lú fẹ́ ohun tó máa dáàbò bò wọ́n nílùú òkèèrè. Nítorí náà, ìwé kíkọ di òwò, ọwọ́ tó bá sì ń fi iṣẹ́ kan jẹun kì í gbàgbé iṣẹ́ náà bọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn olùkọ́, ìwé ẹjọ́ náà sọ púpọ̀ nípa wọn. Elesbão do Carmo, ọmọ Háúsá tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Dandará, ń ta tábà ní ọjà Santa Bárbara. Inú ṣọ́ọ̀bù tó háyà níbẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Ó sọ fún kóòtù pé olùkọ́ lòun nílẹ̀ òun, pé òun ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Salvador náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ibi. Luís Sanim, tó jẹ́ Tápà, ń kọ́ni, ó sì ń bójú tó àjọ kan tí wọ́n ń dá lóṣooṣù, tí wọ́n fi ń ra aṣọ agbádá tí wọ́n sì fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ra òmìnira. Ní Vitória, àdúgbò àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹrú kan kọ́ àgọ́ kékeré sí ẹ̀yìn ilé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Abraham. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun, tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ti ń jẹun pọ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 1834, wọ́n ṣe àjọ̀dún òru tí Ànábì gun sánmà níbẹ̀. Aláṣẹ àdúgbò tú wọn ká, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wó àgọ́ náà. Ní báyìí tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, a mọ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò tíì padà sípò láti ìgbà tí wọ́n gba yàrá ìpàdé wọn lọ́wọ́ wọn. Tiwọn ń bọ̀ wá di ogun.

Pacífico Licutan ni a fẹ́ràn jù nínú wọn. Àgbàlagbà ni, Nàgó ni, iṣẹ́ tábà ló ń ṣe fún olówó rẹ̀ tó jẹ́ dókítà. (Licutan: orúkọ náà jọ Yorùbá létí wa, bí akọ̀wé Pọtogí tilẹ̀ ti bà á jẹ́.) Lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ dáwó jọ láti rà á padà, olówó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó yá, gbèsè mu olówó náà, wọ́n sì ti Licutan mọ́lé bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ tà láti fi san gbèsè. Ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n náà lóru ọjọ́ yẹn láti gbà á sílẹ̀, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí adájọ́ bi í ní orúkọ, ó ní Bilal lòun ń jẹ́. Adájọ́ ní òun mọ̀ pé Licutan ni. Ó dáhùn pé lóòótọ́ ni wọ́n ń pe òun ní Licutan, àmọ́ orúkọ tó bá wu òun lòun lè jẹ́. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ẹgba tó tó 1,000.

Ẹ jẹ́ ká ronú díẹ̀ sí owó tí wọ́n dá jọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Owó alábàárù ni, owó tí kálukú wọn lè fi ra ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ ná an lórí olùkọ́? Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì jẹ́ àlùfáà wọn, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n a rò pé wọ́n tún mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ tí àwa kò kà sí. Àṣetúnṣe wà lọ́wọ́ wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó máa gbọ́ ọ, tó máa sọ pé, "Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tí èèyàn bá ń tún ṣe lójoojúmọ́ á kàn máa le sí i ni. Àwọn bébà tí Reichert kà ń jẹ́rìí sí i: ọwọ́ mìíràn ti yára, ó ti mọ́ra, síbẹ̀ àṣìṣe wà nínú ohun tó kọ.

Lẹ́yìn ogun, ewu náà di ìlọ́po. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin nínú wọn ní oṣù Èbìbí ọdún 1835, wọ́n na àwọn mìíràn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ tó ti gba òmìnira sínú ọkọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà. Láti ìgbà náà, bébà kan ṣoṣo tó ní Lárúbáwá lára lè gbé èèyàn dé kóòtù. Àwọn adájọ́ kò sì lè kà á. Albino, ẹrú kan tó jẹ́ Háúsá, ni wọ́n ní kó bá wọn túmọ̀ díẹ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn kò yé kọ́ èdè náà.

Ẹni tó ṣe ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni Rufino José Maria. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ọ̀dọ́ ló ṣì wà nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú dé Bàhíà. Wọ́n mú un lọ sí Porto Alegre ní gúúsù, níbẹ̀ ló ti ra ara rẹ̀ padà ní ọdún 1835. Lẹ́yìn náà ó di kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ni, ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti gbé mì, a ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀, nígbà tí ẹjọ́ ọkọ̀ náà ń lọ lọ́wọ́, Rufino bá àwọn Yorùbá Mùsùlùmí pàdé, àwọn tí wọ́n ń pè ní Akú nítorí "ẹ kú" tó máa ń wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ilé kéwú, wọ́n ní àwọn àlùfáà tó gbóná. Nígbà tó ti padà sí Bràsíìlì, ó tún wọ ọkọ̀ lọ sí Freetown, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ẹ̀kọ́ nìkan, ó sì lo ju ọdún kan lọ níbẹ̀ kó tó padà.

Ọkùnrin tó ti kọ́ kéwú lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, tó sì ti gbé e la oko ẹrú kọjá, tún lọ jókòó bí ọmọ ilé kéwú. Ìdí kan náà ló ń mú kí wọ́n kó àwọn tó ń ka Faransé láàárín wa lọ sí Abúlé Faransé ní Àjàrà, Badagry: kí etí ẹlòmíràn lè gbọ́ wọn. Ní ọdún 1853, àwọn ọlọ́pàá mú Rufino ní Recife, níbi tó ti ń ṣe àlùfáà, wọ́n sì bá ìwé Lárúbáwá nílé rẹ̀. Ó ka ìwé náà sí wọn létí, ó túmọ̀ ohun tó kà, ó sì sọ ibi tó ti kọ́ ọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tó yá.

Àwọn tí kò rí ọ̀nà dé Freetown ńkọ́? Ní ọdún 1866, afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ ogun Tọ́kì kan dé Rio de Janeiro. Ìmáàmù kan wà nínú rẹ̀, Abd al-Rahman al-Baghdadi. Bó ṣe ń rìn lọ ní etí òkun nínú aṣọ Lárúbáwá rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń sọ pé, "Salamu alaekun." Ó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kò lè lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ kọjá ìkíni ni súrà àti àdúrà, ògbufọ̀ ni wọ́n sì ní láti wá kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn yé. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa lọ, ó dúró kọ́ wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Ó bá wọn tí wọ́n ń gba ààwẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú Ràmàdánì. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ ronú iye ọdún tí wọ́n ti fi pa á mọ́ láìsí ẹni tó máa tún un ṣe fún wọn. Òun alára kọ́ Pọtogí kó tó lè kọ́ wọn.

Ọ̀rúndún náà ti wọ ìdámẹ́ta tó kẹ́yìn nígbà tí Gobineau, aṣojú ìjọba Faransé, dé Rio ní ọdún 1869. Ó kọ̀wé sílé nípa ohun kan tó rí. Ṣọ́ọ̀bù ìwé Faransé kan wà nílùú náà, ti Fauchon àti Dupont, tó ń kó Àlùkùránì wọlé láti Yúróòpù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 tí wọ́n ń tà lọ́dún. Àwọn tó ń rà á ni ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira. Ìwé náà wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án, àwọn mìíràn lo ọdún kan kí wọ́n tó san án tán. Ṣọ́ọ̀bù yẹn tún ń ta ìwé gírámà Lárúbáwá fún wọn. Èdè Faransé ni wọ́n fi ṣàlàyé inú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá rà á ní láti wá ọ̀nà gbọ́ Faransé, tàbí kó wá ẹni tó gbọ́ ọ, kó tó lè dé ìdí Lárúbáwá náà. Wọ́n ń rà á.